Ọ̀nà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Bí A Ṣe Ń Tẹ̀wé Láti Orí Táàbù Láìlo Wáyà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onítẹ̀wé, àwọn tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà àti àwọn olùkọ́ sọ ní Ṣómólú nìyí. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá onítẹ̀wé, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìnáwó epo jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ o.

Ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ́ ará Ṣómólú. Láti Bájùláyé dé Fọlá Àgòrò, ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìdánwò, ibí ni Èkó ti ń tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ tò nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí, ẹ̀yin ni àrólé wọn. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí tí mo bá rí ọ̀gá tó lè tú ẹ̀rọ ńlá palẹ̀ kó sì tún un tò, tí táàbù ọmọdé wá ń dà láàmú.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọ kan wọlé, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi tẹ slip JAMB mi jáde." Orí táàbù ni slip wà. Kí lẹ máa ń sọ fún un? "Fi ránṣẹ́ sí WhatsApp mi." Ọmọ ò ní dátà. Ẹ ṣí hotspot fún un, ó fi ránṣẹ́. Ẹ lọ ṣí WhatsApp lórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní kí ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya kóòdù. Ìgbà tí ìwé máa fi jáde, àwọn mìíràn ti tò sẹ́yìn ọmọ yẹn, ẹnì kan ti bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ṣé irọ́ ni mo pa? Bẹ́ẹ̀ sì ni táàbù yẹn lè bá príńtà yín sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, lójú ẹsẹ̀, láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá.

Ohun kan ni mo wá sọ, àlàyé rẹ̀ ni gbogbo èyí tó kù. Tí ìwé ò bá jáde, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tó wà láàárín táàbù àti príńtà, kí ẹ tó tú príńtà. Ọ̀pọ̀ príńtà tí wọ́n ń gbé wá bá wa ní Ọ̀tìgbá, ọjà kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà, pé ó ti kú, ara rẹ̀ le koko. Ọ̀nà ló dí.

Ọ̀rọ̀ kìíní: títẹ̀wé kì í jẹ dátà

Ẹ bá mi gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó yín ń gbà lọ. Wi-Fi yàtọ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Wi-Fi ni àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú ilé kan fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí tó jáde kúrò nínú ilé. Ìwé tó ń ti orí táàbù lọ sínú príńtà kò jáde nílé rárá. Kò dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù kankan, kò sì sí ẹni tó máa gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Màmá kan wà tó ní ilé ìwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bárígà. Táàmù ń parí lọ, èsì ìdánwò gbogbo àwọn ọmọ wà lórí táàbù wọn, àwọn òbí ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. MiFi wọn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé Wi-Fi jáde, ò ní dátà, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa rán lọ ra káàdì. Mo ní, "Màmá, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ tan MiFi yẹn bó ṣe wà." Wọ́n wò mí bíi pé mò ń ṣeré. A tàn án, a jẹ́ kí táàbù àti príńtà wọ inú Wi-Fi rẹ̀, ni èsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ojú ewé lé ojú ewé. Ohun tí Màmá sọ ni pé, "Ṣé gbogbo dátà tí mo ti ń tìtorí ìwé títẹ̀ rà látẹ̀yìn wá, mi ò bá má rà á?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Owó ilé ìwé ọmọdé ni.

Ó nídìí tí ọ̀pọ̀ wa fi gbà pé ó ń jẹ dátà. Google ní ètò kan tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Cloud Print. Ètò yẹn a máa gbé ìwé gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí òkèèrè kó tó padà wá bá príńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n pa á tì. Ẹni tó bá ṣì ń fi Cloud Print kọ́ yín, ẹ bá a sọ ọ́ pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. AirPrint ni ti iPad, oṣù Kọkànlá ọdún 2010 ni Apple gbé e dé. Ní ti Android, Canon, HP, Samsung àti Xerox para pọ̀ lọ́dún 2013, wọ́n dá Mopria sílẹ̀, pé kí fóònù àti táàbù lè mọ príńtà láìwo ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Láti Android 8 tó jáde lọ́dún 2017 ni irú ètò yìí ti ń bá táàbù wá láti ilé. Tí ẹ bá fẹ́ ra príńtà, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ wá AirPrint tàbí Mopria lára páálí rẹ̀ tàbí lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ ò nílò sídì, ẹ ò nílò wáyà.

Ṣùgbọ́n o, ìwé náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú táàbù. Tó bá ṣì wà nínú ímeèlì tàbí Google Drive, ẹ kọ́kọ́ dáńlóòdù rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni dátà ti ń wọ ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì: ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni kí táàbù àti príńtà wà lórí ráútà kan náà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi nínú ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù. Lórí iPad, ẹ ṣí ìwé, ẹ tẹ àmì àpótí tí ọfà ń ti inú rẹ̀ jáde sókè, ẹ yan Print, ẹ mú orúkọ príńtà yín. Lórí Android, ẹ tẹ àwọn àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, ẹ yan Print. Tí ẹ ò bá rí Print níbẹ̀, ẹ lọ sí Share, ẹ máa bá a nínú ibẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ ò bá ní ráútà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta lábẹ́ àtíbàbà, èyí kàn yín. Ọ̀pọ̀ príńtà ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní Wi-Fi Direct. Príńtà fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé Wi-Fi jáde, orúkọ Wi-Fi náà sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DIRECT. Ẹ wá a lórí táàbù, ẹ tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ó tán. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé: lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé, Android á bèèrè pé Wi-Fi yìí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé kí òun dúró síbẹ̀? Wọ́n á ní rárá. Táàbù á sá padà sórí dátà, wọ́n á wá ní príńtà ò ṣiṣẹ́. Ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí táàbù bá ní síìmù, ẹ kọ́kọ́ pa dátà rẹ̀, kó má baà máa sá lọ sá bọ̀. Ẹ sì dákun, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi Direct yín padà. Ọ̀pọ̀ príńtà ló jẹ́ pé 12345678 ló bá wá láti ilé iṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà mìíràn ni hotspot. Ẹ jẹ́ kí fóònù kan gbé hotspot, kí táàbù àti príńtà jọ wọ inú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iPhone 12 sókè, ẹ wọ ibi Personal Hotspot, kí ẹ tan Maximize Compatibility. Ìdí ni pé Wi-Fi oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, 2.4 GHz àti 5 GHz. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ príńtà olówó pọ́ọ́kú ń gbọ́. Tí hotspot bá ń sọ̀rọ̀ lórí 5 GHz, ẹ lè ké títí ilẹ̀ á fi mọ́, príńtà ò ní gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kẹta: iná lọ, iná dé, príńtà "kú"

Ibí ni mo fẹ́ kí a jókòó sí díẹ̀, torí ibí ni ìṣòro ará Èkó wà. Ìwé tó bá príńtà wá kò kọ ọ́ síbẹ̀, torí àwọn tó kọ ọ́ kò gbé níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀.

Iná lọ. Príńtà pa, ráútà pa. Iná dé, tàbí kí ẹ fa jẹnẹrétọ̀. Príńtà jí kíá. Ráútà ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jí tán. Príńtà ń wá Wi-Fi, kò rí i, àwọn mìíràn nínú wọn á sì jáwọ́. Ráútà wá jí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n príńtà ti dẹ́kun wíwá. Táàbù ní tirẹ̀ ti rí MiFi aládùúgbò tó ti wọ̀ rí, ó ti kó síbẹ̀. Ẹ tẹ Print, táàbù ní òun ò rí príńtà kankan. Ṣé príńtà ló bàjẹ́? Ṣé táàbù ni? Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì.

Kí ni ẹ máa ṣe? Ẹ pa gbogbo wọn. Ẹ tan ráútà ṣáájú, ẹ dúró títí iná ara rẹ̀ á fi dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan príńtà. Ìgbà tí àmì Wi-Fi rẹ̀ ò bá ṣẹ́jú mọ́ ni kí ẹ wo táàbù, kí ẹ ka orúkọ Wi-Fi tó wà lórí rẹ̀ síta. Kí ẹ kà á síta ni mo wí o. Ẹ fi wé orúkọ tó wà lórí príńtà. Tí wọn ò bá bá ara wọn mu, ẹ ti rí àìsàn.

Nọ́ńbà tún wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọ orí ráútà ni ráútà ń fún ní nọ́ńbà. Tí iná bá lọ tó dé, ó lè pín nọ́ńbà mìíràn. Táàbù kì í sábà ṣe wàhálà lórí èyí, orúkọ ló fi ń wá príńtà. Kọ̀ǹpútà tó ti há nọ́ńbà àtijọ́ sórí ló máa ń sọ pé Offline. Ráútà púpọ̀ ló gbà pé kí ẹ fi nọ́ńbà kan pamọ́ fún príńtà láéláé. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí UNILAG ní Àkọ́kà. Ó pààrọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé ráútà tuntun fún un, orúkọ tuntun, páásíwọ́ọ̀dù tuntun. Láti ọjọ́ yẹn ni príńtà rẹ̀ ò ti gba iṣẹ́ láti orí táàbù mọ́. Ó pe ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní atúnṣe. Onítọ̀hún tú príńtà, ó ní bọ́ọ̀dù ti jóná. Ọmọ tà á ní ìlàjì ìlàjì owó rẹ̀. Ẹni tó rà á gbé e délé, ó fún un ní páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi ilé rẹ̀, ni príńtà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orúkọ Wi-Fi àtijọ́ ni príńtà ń wá kiri ní gbogbo ìgbà yẹn! Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bọ́ọ̀dù tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n ń tú, wọn ò wo ọ̀nà.

Tí ẹ bá ra ráútà tuntun, ẹ fún un ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù ti àtijọ́, kó bá a mu délẹ̀ lẹ́tà. Príńtà, táàbù àti gbogbo ẹ̀rọ yín á padà síbẹ̀ fúnra wọn.

Àwọn ohun mìíràn tó ń dí ọ̀nà kò pọ̀. VPN tó wà lórí táàbù, ìyẹn áàpù tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà mìíràn, ẹ pa á. Wi-Fi àlejò, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń pè ní Guest, kì í sábà jẹ́ kí ẹ̀rọ inú rẹ̀ rí ara wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Wi-Fi ọ̀pọ̀ ilé ìtura. Ẹ má fi príńtà síbẹ̀. Tí iṣẹ́ kan bá sì há sórí ìlà, kò sí èyí tó tẹ̀lé e tó máa jáde, bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá dábùú Third Mainland. Ẹ má tún tẹ Print léraléra. Ẹ fagi lé iṣẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó kù á lọ.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: tó bá jẹ́ príńtà lóòótọ́

Bébà há. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ẹ pa ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ lésà, ẹ jẹ́ kó tutù, torí ibi tó ti ń yan tónà, ìyẹn ìyẹ̀fun tó fi ń tẹ̀wé, mọ́ bébà lè gbóná tó nǹkan bíi 200 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréètì. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa bébà sí apá ibi tó ń lọ, ẹ má fà á padà sí ibi tó ti ń bọ̀. Tó bá ya, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá èyí tó kù. Ègé kékeré bí èékánná máa ń há gbogbo bébà tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí síkúrú-dírábà yọ ọ́.

Kí ló dé tí bébà fi ń há wa tó báyìí? Omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Èkó. Òkun wà níhìn-ín, ọ̀sà wà lọ́hùn-ún. Bébà ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń ká, méjì ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ má da odindi rẹ́ẹ̀mù sínú príńtà kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lóru nígbà òjò. Iye tí ẹ máa lò ni kí ẹ kó síbẹ̀, kí èyí tó kù wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Kí ẹ tó kó o sí i, ẹ fẹ́ ẹ létí kí wọ́n lè tú kúrò lára wọn. Tí rọ́là bá ń yọ̀, tí kò mú bébà mọ́, aṣọ tí kò ní òwú tí ẹ fi omi díẹ̀ pa ni kí ẹ fi nù ún.

Ní ti íǹkì, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má máa fa príńtà oní-íǹkì pa lára ògiri. Bọ́tìnì rẹ̀ ni kí ẹ fi pa á. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ẹ máa gbọ́ tó ń rìn lọ rìn bọ̀ díẹ̀ kó tó pa. Hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ibi tí íǹkì ti ń tú jáde, ń lọ sí ààyè rẹ̀ nìyẹn, níbi tí ìdérí wà tí kò ní jẹ́ kí íǹkì gbẹ. Tí ẹ bá fà á lára ògiri, hẹ́ẹ̀dì lè dúró ságbedeméjì, íǹkì á gbẹ sínú àwọn ihò tín-ín-tín rẹ̀, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìlà funfun funfun. Tí iná bá sì já a gbà lọ́wọ́ yín, tó bá ti dé, ẹ tan príńtà padà, kí ẹ fi bọ́tìnì pa á, kó lè lọ dé ara rẹ̀.

Tí ìlà funfun bá ti dé, ẹ kọ́kọ́ tẹ Nozzle Check, kí ẹ mọ àwọ̀ tó dí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe Head Cleaning, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan. Ẹni tó bá ń ṣe é léraléra ń da owó sílẹ̀, torí íǹkì ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ tẹ ojú ewé aláwọ̀ kan lọ́sẹ̀, bí iṣẹ́ ò tilẹ̀ sí, kí íǹkì lè máa rìn.

Lésà kò ní wàhálà kó gbẹ. Tó bá ń jáde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ yọ tónà, ẹ mì í jẹ́jẹ́ láti ọ̀tún sí òsì, ó ṣì lè ṣe iṣẹ́ díẹ̀ sí i. Tí tónà bá dà sáṣọ, omi tútù ni o. Omi gbígbóná á yan án mọ́ ọn. Wàhálà lésà ni iná. Nígbà tó bá ń gbóná, ó lè fa iná tó ju 1000 wọ́ọ̀tì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" ò lè gbé e, ẹ má sì so ó mọ́ UPS kékeré. Príńtà oní-íǹkì kì í sábà ju 20 wọ́ọ̀tì lọ nígbà tó bá ń tẹ̀wé, íńfátà kékeré á gbé e. Ẹni tí iná rẹ̀ ò dúró, tí ó ń fẹ́ ṣiṣẹ́ láti orí táàbù, oní-íǹkì ni màá ní kó rà.

Ọ̀rọ̀ karùn-ún, kò gùn

Ìwé Yorùbá ni. Ẹ̀yin olùkọ́ ti rí i rí: ẹ tẹ iṣẹ́ sórí táàbù, àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ pé, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣ àti ẹ di àpótí òfìfo. Fọ́ọ̀ntì ṣọ́ọ̀bù ni kò ní wọn. Ẹ sọ iṣẹ́ yín di PDF lórí táàbù yín kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. PDF máa ń gbé fọ́ọ̀ntì rẹ̀ dání, bí ẹ ṣe tò ó ló máa jáde. Èdè wa kò yẹ ní ohun tí à ń tẹ̀ láìlámì nítorí ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, NIN àwọn ènìyàn, ìwé ẹ̀rí wọn, àkọsílẹ̀ báǹkì wọn ń gba ọwọ́ yín kọjá. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti ọdún 2023. Nígbà tí ìwé bá ti jáde, ẹ pa á rẹ́ lójú oníbàárà. Èyí tún jẹ́ ìdí kan tí títẹ̀wé tààrà láti orí táàbù wọn fi dára: kò sí ẹ̀dà tó kù sórí kọ̀ǹpútà yín.

Àwọn ìbéèrè

Ìyá kan bèèrè bóyá fóònù tó ń gbé hotspot náà lè tẹ̀wé fúnra rẹ̀. Màmá, àwọn fóònù kan lè ṣe é, àwọn kan ò ní rí príńtà rárá. Ẹ jẹ́ kí fóònù gbé hotspot, kí ẹ tẹ̀wé láti orí táàbù. Èyí ló fọkàn balẹ̀ jù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní príńtà òun, oní-táǹkì, ti tì pa, príńtà ń kọ ọ́ sójú pé kí ó gbé e lọ fún àtúnṣe, ẹnì kan sì ní òun lè fi áàpù kan "ṣí i." Àbúrò, fóòmù kan wà ní ìsàlẹ̀ príńtà rẹ tó ń fa íǹkì tí a fi fọ hẹ́ẹ̀dì mu. Ó ti kún ni, ẹ̀rọ sì ti kà á. Áàpù yẹn á da òǹkà náà padà sí òdo, ṣùgbọ́n fóòmù ṣì kún síbẹ̀. Íǹkì á ṣàn sórí tábìlì rẹ. Pààrọ̀ fóòmù kí o tó da òǹkà padà.

Bàbá kan ní ṣé òótọ́ ni pé kò ní jẹ dátà. Bàbá, príńtà tó wà lórí tábìlì yìí, MiFi tó gbé e kò ní síìmù nínú. Ẹ bá mi mú táàbù yín wá. Ẹ pa dátà. Ẹ yan àwòrán ọmọ-ọmọ yín kan, ká tẹ̀ ẹ́.